Nọ́ọ̀tì Tó Já Mọ́ Mẹkáníìkì Lọ́wọ́: Ta Ni Yóò San Gbèsè Rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré lójú ẹni tó bá wò ó láti òkèèrè, nítorí pé ohun tó dá a sílẹ̀ kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Nọ́ọ̀tì ni. Èyí tó ní ihò láàárín, nọ́ọ̀tì ni àwa ń pè é. Èyí tó gùn bí ìṣó tó ń wọ inú ihò, nọ́ọ̀tì náà la ń pè é. Èyí tó gùn yìí ni mo ní lọ́kàn. Nítorí rẹ̀ ni àgbà àti ọmọdé ṣe máa ń sọ̀rọ̀ sí ara wọn ní gbangba, tí oníbàárà sì ń kọ ẹ̀yìn sí ẹni tó ti ń bá a tún alùpùpù ṣe láti ọdún pípẹ́. Ohun tó bá lè ba àárín ènìyàn méjì jẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun kékeré mọ́. Ó yẹ kí á fi òye wò ó.

Ẹ jẹ́ kí á gbé ọ̀ràn náà kalẹ̀ báyìí. Ká ní àgbẹ̀ kan wà ní Odòde níhìn-ín tí alùpùpù rẹ̀ ti pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ́ìlì ń kán láti ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ó gbé e lọ bá mẹkáníìkì pé kó bá òun pààrọ̀ gáskẹ́ẹ̀tì, ìyẹn bébà líle tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti ìdérí rẹ̀. Wọ́n dá owó iṣẹ́, owó náà kò pọ̀. Mẹkáníìkì bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn nọ́ọ̀tì tó di ìdérí náà mú. Gbogbo wọn tú, ó ku ẹyọ kan. Ẹyọ kan yìí kò mira. Mẹkáníìkì ki páìpù gígùn bọ ìdí sípánà, ó fà á tagbáratagbára, nọ́ọ̀tì sì já sí méjì: orí rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, ara rẹ̀ kù sínú ẹ́ńjìnnì. Iṣẹ́ wákàtí kan ti di iṣẹ́ ọjọ́ méjì. Wọn yóò wá wẹ́dà, wọn yóò wá ẹni tó ní dírìlì, ó sì lè burú débi pé kí wọ́n pààrọ̀ ara ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀.

Bàbá olóko ní, "Ìwọ lo já a, ìwọ lo máa san án." Mẹkáníìkì ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Máṣíìnì yín ló ti gbó. Ìpẹtà ló já a, kì í ṣe èmi." Ta ló jàre nínú àwọn méjèèjì?

Àwọn kan yóò dáhùn lójú ẹsẹ̀ pé ẹni tí nǹkan bá bàjẹ́ sí lọ́wọ́ ni kó tún un ṣe. Àwọn mìíràn yóò ní àmúwá Ọlọ́hun ni, kí oníkálukú gba kádàrá. Ìdáhùn méjèèjì ti yá jù. Ti àkọ́kọ́ kò bèèrè bóyá ẹlòmíràn ìbá rí nọ́ọ̀tì náà tú láì já a. Ti ìkejì ń fi kádàrá bo ohun tí ọwọ́ ènìyàn ṣe. Bí a bá gbà á bẹ́ẹ̀, kò sí olè tí kò ní í rí ọ̀nà jàre. Kádàrá ń bẹ, a gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n a kì í fi kádàrá pa gbèsè rẹ́. Adájọ́ tó mọṣẹ́ a kọ́kọ́ wádìí bí nǹkan ti rí. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tó ń mú kí nọ́ọ̀tì gan sínú ẹ́ńjìnnì.

Ohun àkọ́kọ́ ni omi. Òkè àti òkúta ló yí Ìdànrè ká. Láti ìgbà tí àwọn ará ìlú ti sọ̀ kalẹ̀ láti Òkè Ìdànrè ní 1923, tí wọ́n tẹ̀dó sí ìsàlẹ̀, iṣẹ́ kòkó ti di ohun tí a fi ń mọ ìlú yìí. Lóde òní, alùpùpù ló ń gbé olóko àti ẹrù rẹ̀ gba ọ̀nà tí ọkọ̀ kò lè gbà. Lásìkò òjò, alùpùpù a wọ inú ẹrẹ̀, a wọ inú odò kéékèèké, a sì sùn síta. Bí omi kíkan tó ń jáde lára kòkó tútù bá tún ń kán sí i láti inú àpò, ìyọnu rẹ̀ pọ̀ sí i. Irin tí omi àti afẹ́fẹ́ bá jọ dé ara rẹ̀ yóò dípẹtà, ìpẹtà náà sì ń gba àyè tó ju ìlọ́po méjì irin tó jẹ lọ. Nígbà tí ìpẹtà bá ti wà láàárín nọ́ọ̀tì àti ihò rẹ̀, ńṣe ló dà bí ẹni pé wọ́n fi èèkàn kéékèèké há a mọ́ ibẹ̀ yípo.

Ohun kejì ni pé ohun méjì tí kì í ṣe ọ̀kan náà ni a so pọ̀. Irin líle ni nọ́ọ̀tì, ṣùgbọ́n alumíníọ̀mù ni ara ẹ́ńjìnnì, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ìkòkò fífúyẹ́ tí à ń lò nílé ìdáná. Bí omi bá wọ àárín wọn, pàápàá omi tó ní iyọ̀ tàbí tó kan, alumíníọ̀mù ni yóò máa jẹ díẹ̀díẹ̀, yóò sì di ìyẹ̀fun funfun tó le, tó ń lẹ nọ́ọ̀tì mọ́ ibi tó wà. Ẹni tí kò mọ èyí yóò rò pé nígbà tí òun kò ti rí ìpẹtà pupa níta, kò sí ohun tó mú nọ́ọ̀tì náà.

Ohun kẹta ló kan ọ̀rọ̀ wa jù lọ: ọwọ́ àwọn tó ti ṣe é ṣáájú. Honda, Suzuki àti Yamaha, tí ọ̀pọ̀ alùpùpù àtijọ́ wa jẹ́, láti Japan ni wọ́n ti pilẹ̀. Honda CG125 tó jáde ní 1976, ńṣe ni wọ́n dìídì ṣe ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fún ilẹ̀ tí àwọn ènìyàn kì í ti í ráyè tọ́jú máṣíìnì lóòrèkóòrè. Ìdí nìyí tó fi ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n síkúrú tí orí rẹ̀ rí bí àmì ìròpọ̀ ni wọ́n fi de ìdérí ẹ́ńjìnnì lára ọ̀pọ̀ máṣíìnì Japan ìgbà náà. Àmì ìròpọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀kan náà kárí ayé. Èyí tí Henry Phillips ará Amẹ́ríkà gba ìwé ẹ̀tọ́ lé lórí ní 1936 yàtọ̀ díẹ̀ sí ti Japan. Bí a bá fi síkúrúdiráfà ti Phillips tú síkúrú Japan, kì í kanlẹ̀ dáadáa. Bí a bá fi agbára yí i, yóò fò jáde, yóò sì jẹ orí síkúrú náà. Àmì wà fún ẹni tó bá fẹ́ mọ̀: ọ̀pọ̀ síkúrú Japan ní ojúàmì kékeré kan lórí. Nígbà tí ọwọ́ méjì tàbí mẹ́ta bá ti kọjá lórí rẹ̀ bẹ́ẹ̀, àmì ìròpọ̀ ti parẹ́, ó ti di ihò róbótó. Ẹni tó bá wá kan lẹ́yìn wọn, ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn ló jogún.

Bẹ́ẹ̀ náà ni dídè tó pọ̀ jù. Nọ́ọ̀tì mílímítà 6 tó de ìdérí ẹ́ńjìnnì kò fẹ́ agbára púpọ̀. Ìwọ̀n tó ń fẹ́ kò ju bí ẹni so ẹrù kílò 1 mọ́ ìparí ọ̀pá tó gùn ní mítà 1 lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ gbà pé bí nọ́ọ̀tì kò bá ké, kò tíì dè. Nípa bẹ́ẹ̀, láti ọjọ́ tí wọ́n ti de nọ́ọ̀tì náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í já a.

Wàyí o, báwo ni ẹni tó mọṣẹ́ ṣe ń tú nọ́ọ̀tì tó ti gan? Mo bẹ̀ yín kí ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á, nítorí pé inú àwọn ìgbésẹ̀ yìí ni ìdájọ́ wa yóò ti jáde.

Kó tó fọwọ́ kan sípánà rárá, yóò fọ ibẹ̀ mọ́, yóò fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á, yóò sì wò ó dáadáa bóyá orí rẹ̀ ti jẹ, tàbí bóyá ẹnì kan ti fi gáàmù lẹ̀ ẹ́ rí. Lẹ́yìn náà ni yóò ta epo sí i. Àwọn kan ń lo WD-40, èyí tí wọ́n ṣe jáde ní Amẹ́ríkà ní 1953 láti lé omi kúrò lára irin. Àwọn mìíràn ń lo kẹrosíìnì tàbí dísù tí wọ́n pò mọ́ ọ́ìlì. Èyí tó wù kó jẹ́, kì í ṣe epo nìkan ló ń ṣiṣẹ́ náà, àkókò ń bá a ṣe é. Epo nílò wákàtí púpọ̀, nígbà mìíràn ó nílò odidi òru kan, kó tó lè rìn wọ inú tíréèdì, ìyẹn àwọn ìlà tó yí ara nọ́ọ̀tì po. Ẹni tó bá ta epo tó sì fa sípánà lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, kò ta epo sí i. Ó kàn wẹ̀ ẹ́ ni.

Lẹ́yìn èyí, yóò mú sọ́kẹ́ẹ̀tì onígun mẹ́fà tó bá orí nọ́ọ̀tì mu rẹ́gí, kì í ṣe púláyà. Yóò fi òòlù kan orí nọ́ọ̀tì náà jẹ́jẹ́ kí ìpẹtà inú rẹ̀ lè sán. Yóò kọ́kọ́ gbìyànjú láti dè é sí i díẹ̀, kó tó tú u. Bó bá mira, ìbáà kéré bí irun orí, yóò máa yí i lọ, yóò máa yí i bọ̀, yóò sì tún máa ta epo sí i. Bó bá jẹ́ síkúrú olórí àmì ìròpọ̀ ni, síkúrúdiráfà kan wà tí a ń fi òòlù lù nídìí: bí òòlù ti ń tẹ̀ ẹ́ wọlé náà ló ń yí i, kì í sì í ráyè fò jáde.

Bí gbogbo èyí kò bá ràn án, ooru ló kù. Bí alumíníọ̀mù ti ń wú nínú ooru fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì bí irin ti ń wú. Nítorí náà, bí a bá mú ibi tí ihò wà gbóná, ihò yóò là ju bí nọ́ọ̀tì ti wú lọ, àyè díẹ̀ yóò sì yọ. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó bá fẹ́ lo iná kọ́kọ́ tú táńkì bẹntiróòlù kúrò, kó gbé e jìnnà, kó sì nu gbogbo epo tó ti ta síbẹ̀ gbẹ. Kó tún rántí pé alumíníọ̀mù kì í pọ́n bí irin kó tó yọ́. Ní nǹkan bí ìwọ̀n 660 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló ń yọ́, ẹni tó bá ń dúró dìgbà tó máa pọ́n yóò kàn rí i tó ń ṣàn sílẹ̀ ni.

Bó bá sì wá já lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, iṣẹ́ kò tíì tán. Bí kùkùté rẹ̀ bá yọ síta díẹ̀, wẹ́dà lè jó nọ́ọ̀tì olóhò kan mọ́ ọn, ooru jíjó náà a sì tún bá wọn tú ìpẹtà inú rẹ̀. Bí kò bá yọ síta, wọn yóò fi dírìlì lu ú láàárín gbùngbùn. Irin kan wà tí wọ́n ń yí wọ inú ihò tí dírìlì bá lu láti fi fa kùkùté jáde. Irin náà le púpọ̀, ṣùgbọ́n bí gíláàsì ló ń ṣẹ́. Bó bá ṣẹ́ síbẹ̀, dírìlì lásán kò lè lu ú mọ́, ọ̀ràn náà sì ti burú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ẹ wo gbogbo ìgbésẹ̀ wọ̀nyí. Kò sí èyí tó ń ná ni lówó ńlá nínú wọn bí a bá ti ní irinṣẹ́. Ohun tí wọ́n ń ná ni àkókò. Nọ́ọ̀tì kò wọ́n, àkókò ló wọ́n. Nígbà tí mẹkáníìkì àti oníbàárà bá ń jà lórí nọ́ọ̀tì tó já, lórí àkókò ni wọ́n ń jà: ta ló yẹ kó san owó òru tí epo fẹ́ lò, tí ẹnikẹ́ni kò fún un?

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti tú nọ́ọ̀tì rí mọ̀ pé òwe yìí kò sọ gbogbo rẹ̀ tán. Nọ́ọ̀tì mìíràn wà tí ìpẹtà ti jẹ inú rẹ̀ tán. Bí a fi ẹ̀sọ̀ mú un fún ọjọ́ méje, yóò já. Bí a bá wá ní gbogbo nọ́ọ̀tì tó bá já, àìní sùúrù ló já a, a ti purọ́ mọ́ ẹni tó ní sùúrù. Bí a bá sì ní gbogbo nọ́ọ̀tì tó bá já, ọjọ́ ogbó ló já a, a ti bá aláìbìkítà bo àṣírí. A nílò òṣùwọ̀n tí yóò ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀.

Òṣùwọ̀n náà wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ wa àtijọ́. Ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ àmáánà ni pé ohun tí a bá fi síkàáwọ́ ẹnì kan, bó bá bàjẹ́ láìsí ẹ̀bi rẹ̀, kò ní í san án. Ṣùgbọ́n wọ́n yọ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ sọ́tọ̀, irú bí aránṣọ àti aláró. Wọ́n gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Àlíù ọmọ Abú Tọ́líbù pé ó mú kí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ máa san ohun tó bá bàjẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ìdí rẹ̀ yé ni: ènìyàn kò lè ṣe é kó má gbé iṣẹ́ fún wọn, bó bá sì tó kí oníṣẹ́ ọwọ́ kàn sọ pé "ó bàjẹ́", dúkìá kò ní í ní ààbò mọ́. Lórí èyí ni Ìmáámù Màlíìkì dúró, ẹni tó kú ní Mẹ́dínà ní 795, tí àwa tó pọ̀ jù nílẹ̀ Yorùbá àti ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ń tọ ọ̀nà òye rẹ̀. Ohun tó bá jóná, tó ya, tàbí tó fọ́ lọ́wọ́ oníṣẹ́ ọwọ́ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, òun ni yóò san án, bí ẹni tó ni ín tilẹ̀ jókòó tì í.

Síbẹ̀, wọ́n fi ẹnu ọ̀nà kan sílẹ̀. Ibn Rushd, tí a bí ní 1126 tó sì kú ní 1198, tó ṣe adájọ́ ní Cordoba nílẹ̀ Sípéènì, ṣàlàyé ẹnu ọ̀nà yìí nínú òye Màlíìkì. Iṣẹ́ kan wà tó jẹ́ pé inú iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ni ewu wà: bí ẹni tó ń lu ihò sára òkúta iyebíye, bí ẹni tó ń tọ́ idà tó wọ́, bí ẹni tí búrẹ́dì oníbúrẹ́dì jóná sí nínú ààrò rẹ̀, bí oníṣègùn tí aláìsàn kú sí lọ́wọ́. Irú wọn kì í san án, àfi bí a bá mọ̀ pé wọ́n kọjá ààlà iṣẹ́ wọn.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ṣé aṣọ ọwọ́ aránṣọ ni nọ́ọ̀tì wa yìí, tàbí òkúta iyebíye? Èrò tèmi ni pé ó ń jẹ́ méjèèjì. Nọ́ọ̀tì tó ń tú wọ́ọ́rọ́wọ́ kò yàtọ̀ sí aṣọ lọ́wọ́ aránṣọ. Bó bá bàjẹ́, ọwọ́ ló bà á jẹ́. Nọ́ọ̀tì tó ti gan dà bí òkúta iyebíye; inú rẹ̀ ni ewu wà. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé nọ́ọ̀tì kan náà ni, àárín iṣẹ́ ló sì ti ń yí padà kúrò ní ọ̀kan di èkejì. Ta ló lè mọ ìgbà tó yí padà? Kì í ṣe olóko tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi. Ọwọ́ mẹkáníìkì nìkan ló lè gbọ́ ọ nígbà tí sípánà bá kọ̀. Nítorí pé òun nìkan ló mọ̀ ọ́n, òun ni ọ̀rọ̀ sísọ di dandan fún. Láti ìṣẹ́jú yẹn, kò ní ẹ̀tọ́ láti máa bá iṣẹ́ lọ bí ẹni pé owó àkọ́kọ́ àti àdéhùn àkọ́kọ́ ṣì dúró.

Ẹ jẹ́ kí á fi mẹkáníìkì mẹ́ta wò ó. Èyí àkọ́kọ́ rí i pé ó gan, ó ki páìpù bọ ìdí sípánà láìta epo, láìsọ̀rọ̀, ó já a. Ẹni yìí kọjá ààlà, yóò san án, ọjọ́ ogbó máṣíìnì kò lè gbà á sílẹ̀. Èkejì rí i pé ó gan, ó pe olóko, ó ní, "Bàbá, nọ́ọ̀tì yìí lè já. Bí ẹ bá fi máṣíìnì sílẹ̀ di ọ̀la, màá ta epo sí i, màá sì rọra ṣe é." Bàbá gbà, ó ṣe gbogbo ohun tó yẹ, ó ṣì já. Ẹni yìí kò jẹ gbèsè; olóko ni yóò rù ú, ó sì yẹ kó tún san owó iṣẹ́ tó bá tẹ̀lé e. Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ le: ó ṣe gbogbo iṣẹ́ bó ti yẹ, ṣùgbọ́n kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ó sì já. Lójú tèmi, ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ẹnu rẹ̀ ló jẹ gbèsè. Ó gba ìpinnu tí í ṣe ti olóko ṣe fúnra rẹ̀. Bóyá olóko ìbá ní kó fi í sílẹ̀, kí ọ́ìlì máa kán títí owó kòkó yóò fi wọlé. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìlàjà ló yẹ wọ́n, kí àwọn méjèèjì jọ gbé e.

Ẹ má rò pé olóko ni mo ń gbè o. Olóko náà ní àmáánà tirẹ̀. Bí ó bá mọ̀ pé àbúrò òun ti fi púláyà fọ́ orí nọ́ọ̀tì yẹn lọ́dún tó kọjá, tí kò sì sọ, ó ti gbé aláìsàn wá fún oníṣègùn, ó sì ti pa ohun tó ń ṣe é mọ́. Bí mẹkáníìkì bá ní kó fi máṣíìnì sílẹ̀ di ọ̀la, tí òun ní, "Mi ò gbọ́ ìyẹn, oko ni mò ń lọ nísinsìnyí, ìwọ ṣá tú u," òun ló fi ẹnu ara rẹ̀ ra páìpù fún un. Kò tún yẹ kó yà á lẹ́nu bí ó bá já. Ẹni tó bá sì ń fẹ́ iṣẹ́ òru kan ní owó wákàtí kan, kó má pe ara rẹ̀ ní ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ.

Ohun kan ṣì wà tó burú ju kí nọ́ọ̀tì já lọ. Òun ni kí wọ́n fi gáàmù líle lẹ orí nọ́ọ̀tì tó já padà síbẹ̀, kí wọ́n nu ún mọ́, kí wọ́n sì gba owó. Lójú olóko, ó ti dè. Lójú ọ̀nà oko, níbi tí ilé kò sí, ọ́ìlì yóò jò tán, ẹ́ńjìnnì yóò sì gan pa. Àwọn tó bá ń ṣe èyí máa ń sọ pé àwọn kò purọ́, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò bi àwọn léèrè. Ṣùgbọ́n gáàmù ti sọ̀rọ̀ lórúkọ wọn, irọ́ ló sì sọ. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ẹ tún rántí pé ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ń wò. Ọ̀gá rò pé ọ̀nà títún alùpùpù ṣe lòun ń kọ́ ọ. Ọ̀nà tí ènìyàn fi ń bo nǹkan mọ́lẹ̀ ló ń kọ́. Àwọn ọmọ tí a kọ́ láàárọ̀ ní ilé-kéwú pé kí wọ́n pa àmáánà mọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbàgbé rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Mo mọ èsì tí àwọn mẹkáníìkì yóò fọ̀ fún mi. Wọn yóò ní, "Áfáà, ọ̀rọ̀ yín dára, ṣùgbọ́n bí mo bá sọ fún oníbàárà pé nọ́ọ̀tì rẹ̀ lè já, yóò gbé máṣíìnì rẹ̀ lọ bá ẹni tó máa sọ pé kò sí wàhálà. Ẹni yẹn yóò já a, yóò lẹ̀ ẹ́, yóò sì gba owó mi." Èsì yìí wúwo, n kò sì ní í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Lóòótọ́, olóòótọ́ lè pàdánù iṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Èmi kò lè ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni pé òtítọ́ yóò mú owó wọlé lọ́sẹ̀ yìí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹni tó bá tìtorí owó iṣẹ́ kan pa ẹnu mọ́, ewu oníbàárà ló tà láìjẹ́ kó mọ̀. Kì í ṣe tirẹ̀ láti tà. Owó tó bá wá láti ibẹ̀, bó ti wù kó pọ̀ tó, kò sí àlùbáríkà nínú rẹ̀.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí kò fi yẹ kó jẹ́ ti mẹkáníìkì nìkan. Àwa oníbàárà la ń kọ́ wọn ní irọ́. Bí ẹnì kan bá sọ òótọ́ fún wa tí a bú u pé kò mọṣẹ́, tí ẹlòmíràn tàn wá tí a sì yìn ín pé ọwọ́ rẹ̀ yá, àwa la yan gáàmù. Ẹni tó bá sọ fún ọ pé "ó lè já" kò jẹ́wọ́ àìmọ̀; ìmọ̀ ló jẹ́ kó lè sọ bẹ́ẹ̀. Òpè ni gbogbo nọ́ọ̀tì ń dọ́gba lójú rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́, mo fẹ́ kí ẹ mú gbólóhùn mẹ́ta lọ́wọ́ bí ẹ ti ń mú sípánà. Èkíní, kí ẹ tó fọwọ́ kàn án: "Ǹjẹ́ ẹnì kan ti tú u rí?" Èkejì, nígbà tó bá kọ̀: "Ó lè já, kí ni ẹ fẹ́ kí n ṣe?" Ẹ̀kẹta, bó bá já: "Ó ti já, bó ṣe já nìyí." Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ẹni tó bá sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó sì fara balẹ̀ ṣiṣẹ́ rẹ̀, bí nọ́ọ̀tì bá já mọ́ ọn lọ́wọ́, gbèsè rẹ̀ kò sí lọ́rùn rẹ̀.

Ó ku ohun kan. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, tí nọ́ọ̀tì tuntun bá ń wọlé, ẹ fi gírísì díẹ̀ pa á lára, kí ẹ sì dè é níwọ̀n. Kò ná yín ní ìṣẹ́jú kan. Olóko kò ní í rí i, kò sì ní í dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọdún márùn-ún sí i, ẹnì kan tí ẹ kò mọ̀ yóò fi sípánà sí nọ́ọ̀tì náà, yóò sì tú wọ́ọ́rọ́wọ́. Sàráà ni ẹ ti ṣe fún un.